Kí Àgbà Má Baà Ṣubú: Ẹsẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Nígbà tí màmá mi kọ́kọ́ ṣubú nínú ilé, ilẹ̀ ni gbogbo wa dá lẹ́bi. A ká rọ́ọ̀gì kúrò, a pààrọ̀ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri bálùwẹ̀. Oṣù méjì kò pé tí wọ́n tún fi ṣubú, lọ́sàn-án gangan, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n kò tilẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gùn, ó ti tẹ̀ wọnú ẹran, kókó líle kan sì wà lábẹ́ ìka kejì. Ìrora yìí ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó kíyè sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹsẹ̀ ló ṣáájú, bàtà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣan, oògùn, àti ilé. Ilé kò ṣe é fi sílẹ̀ o, àmọ́ òun ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ewu pé yóò tún ṣubú ti di ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́

Ẹ mú àsìkò kan tí kò ní yẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìwẹ̀. Kí àgbà jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì, kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan yín. Ẹni tó ń dá gbé tí ẹ̀yìn kò sì jẹ́ kó tẹ̀ mọ́ lè tẹ́ dígí sílẹ̀ kó na àtẹ́lẹsẹ̀ sí òkè rẹ̀.

Ẹ wo òkè ẹsẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wo gìgísẹ̀ yíká, kí ẹ sì fi ọwọ́ ya ìka kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ohun tí ẹ ń wá ni egbò, ibi tó sán, ibi tó lé ròrò, awọ funfun tó ń bó láàárín ìka, èékánná tó ń wọnú ẹran, àti ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ wo ibi tó dúdú ju ti àná lọ tàbí tó ń dán, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án. Ibi tó bá gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, nǹkan ń bẹ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ojú kò rí i.

Ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wú díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ sọ fún dókítà nígbà tí ẹ bá tún lọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣàdédé wú tó sì ń dùn wọ́n ní ẹ̀yìn ojúgun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi àyẹ̀wò kékeré yìí kún un. Àwọn dókítà ní Ipswich, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Kí àgbà di ojú. Ẹ fi orí ìka ọwọ́ yín kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, orí ìka àárín, àti orí ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ibi mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Kí ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rà á, ẹ má sì kan ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lára, kí wọ́n sọ pé “ọ̀tún” tàbí “òsì”. Bí ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà tí wọn kò mọ̀ lára, ìmọ̀lára ti ń kúrò nínú ẹsẹ̀ náà nìyẹn, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́. Àtọ̀gbẹ ló sábà ń fà á.

Kí ló kan ìṣubú nínú èyí? Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ròyìn ilẹ̀ fún ọpọlọ: bóyá ilẹ̀ dagun, bóyá ó ń yọ̀, bóyá ara ti tẹ̀ síwájú jù. Nígbà tí ìròyìn yẹn kò bá dé mọ́, ojú nìkan ló kù láti gbé ènìyàn ró. Ẹ ó rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń rìn geere lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí iná bá kú, á máa wá ògiri kiri.

Ìgbésẹ̀ 2: Fífọ̀, ìpara, èékánná

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ìgbọ̀nwọ́ yín ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ má fi ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná mọ́ dán omi. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tètè yọ ọ́ kúrò nínú omi, torí pé ẹsẹ̀ tí a rẹ sómi fún ìgbà pípẹ́ a máa gbẹ háúháú lẹ́yìn náà, gbígbẹ ló sì ń di sísán. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi gbẹ, kí àárín ìka má ṣẹ́ ku.

Ìpara wà fún òkè ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Kò wà fún àárín ìka, nítorí ibi tó bá ti ń rin ni àrùn awọ ti ń rí ilé gbé. Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ: àtẹ́lẹsẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ní ìpara, lórí ilẹ̀ tó ń dán, kò yàtọ̀ sí ẹni tó da ọṣẹ sílẹ̀. Kí wọ́n jókòó títí yóò fi wọ ara tán, kí wọ́n tó wọ bàtà tí wọ́n á fi dìde.

Èékánná a máa rọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ gé e. Ẹ gé e lọ gbọọrọ, díẹ̀díẹ̀, kó bá orí ìka dọ́gba. Ẹ má ṣe gbẹ́ igun rẹ̀ wọlé, torí pé igun tí a gbẹ́ yẹn gan-an ló ń hù wọnú ẹran. Bí ó bá nípọn bí ìwo, tàbí tí ìmọ̀lára ti dín kù nínú ẹsẹ̀, tàbí tí ojú ẹni tó ń gé e kò ríran dáadáa, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ìtọ́jú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà.

Ní ti kókó àti awọ líle, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé bíléèdì jìnnà. Ẹ gbé àwọn bándéèjì tí wọ́n ní ó ń jẹ kókó náà jìnnà, nítorí ásíìdì ló wà nínú wọn, kò sì mọ ibi tí kókó parí sí. Bàtà tó ń fún ibẹ̀ ló bí kókó. Bí bàtà kò bá yí padà, ẹ ó máa gé e, á máa hù ni.

Otútù ẹsẹ̀ náà ń kọ́? Ìbọ̀sẹ̀ tí okùn rẹ̀ kò le ni kí ẹ fún wọn wọ̀. Ìgò omi gbígbóná àti yíyá iná ti jó ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ títí tó fi bó.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀ yòówù tí ẹ bá rí, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kejì lọ kí oníṣègùn tó rí i, kódà bí kò bá dun wọ́n rárá. Àìdunni náà ni ewu rẹ̀. Ní ti ẹsẹ̀ tó ṣàdédé tutù tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá, ibi tó ń dúdú, ibi tó ń rùn, tàbí ẹsẹ̀ tó pọ́n tó gbóná tó sì wú, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì máa yẹ ẹsẹ̀ gbogbo alátọ̀gbẹ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìgbésẹ̀ 3: Bàtà

Ẹsẹ̀ kì í dúró sí ìwọ̀n kan. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ó ń fẹ̀ sí i, ó ń gùn sí i, ìtẹ̀kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ń wálẹ̀, ọ̀rá tó dà bí tìmùtìmù lábẹ́ gìgísẹ̀ sì ń tín-ín-rín. Síbẹ̀, nọ́ńbà bàtà tí wọ́n ń wọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣì ń dárúkọ.

Ẹ dán èyí wò lónìí. Nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ ti wú tó bó ṣe máa ń wú, kí àgbà dúró lórí pépà, kí ẹ fi gègé fa ìlà yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ wá gbé bàtà tí wọ́n fẹ́ràn jù lé orí àwòrán náà. Bí ìlà bá yọ jáde lábẹ́ bàtà, bàtà náà kéré, ohun yòówù kí nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ sọ. Ẹsẹ̀ tó tóbi jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi ra bàtà, kó sì ṣẹ́ ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan níwájú ìka tó gùn jù.

Bàtà tó dára fún àgbà rọrùn láti mọ̀. Ẹ fún ẹ̀yìn rẹ̀ mú: kò gbọdọ̀ wó. Ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi ìka nìkan ni kó ti tẹ̀, kó má ká bí ìwé ní àárín. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kó sì fẹ̀. Kó ní okùn tàbí ohun tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹsẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ kó le díẹ̀, kó tín-ín-rín, kó sì ní ìlà tó ń di ilẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé bàtà tó nípọn tó sì rọ̀ bí fóòmù ló ń wu ènìyàn láti rà fún òbí, nítorí ó tura lẹ́sẹ̀. Àmọ́ irú bàtà bẹ́ẹ̀ ló ń bo ìròyìn ilẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu. Bí ẹ bá ti ra èyí tó dára, kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan péré lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ sì yẹ ẹsẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Sálúbàtà tí kò ní ẹ̀yìn ni mo bá jà jù lọ. Kí ó má baà bọ́, ìka ni wọ́n fi ń fà á mú, wọn kò sì ní lè gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa. Wọ́n á máa wọ́ ọ nílẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ ni. Rínrìn láìwọ bàtà tàbí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan nínú ilé kò sàn jù ú lọ. Ẹ ya bàtà gidi kan sọ́tọ̀ fún inú ilé. Kí wọ́n tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ná, torí pé òkúta kékeré kan lè dá egbò sí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora.

Ìgbésẹ̀ 4: Iṣan ẹsẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan dé. Ẹ gbé àga kalẹ̀, ẹ wọn mítà 3 síwájú rẹ̀, ẹ fi nǹkan sàmì síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ní “ó yá”, kí àgbà dìde, kí wọ́n rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn dé ibi àmì, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n padà wá jókòó. Ẹ fi aago kà á, kí ẹ sì dúró nítòsí wọn. Bí ó bá gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìṣubú wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń yí padà pẹ̀lú: ẹni tó ń fi ìgbésẹ̀ kéékèèké mẹ́fà méje yí po, ara rẹ̀ kò dá a lójú.

Eré ìdárayá tó ń ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó ń fún iṣan ẹsẹ̀ lágbára tó sì ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin. Ní Yunifásítì Otago ní New Zealand, wọ́n ṣètò irú rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn, ó sì dín ìṣubú kù ní nǹkan bí ìdá 35 nínú 100. Kì í ṣe iṣẹ́ abàmì. Ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n dúró níwájú tábìlì wúwo tí kì í mì, kí àga wà lẹ́yìn wọn:

– kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde láìfi ọwọ́ ti ara, ní ìgbà 5, títí yóò fi di 10;
– kí wọ́n di tábìlì mú, kí wọ́n fi ìka ẹsẹ̀ dúró, kí gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀;
– kí wọ́n fi gìgísẹ̀ dúró, kí ìka ẹsẹ̀ gbé sókè;
– kí wọ́n to ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ìka ti ẹ̀yìn, kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10.

Bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ìka ẹsẹ̀ kó o jọ. Ìka ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ara bá fẹ́ dojú dé. Tai chi, eré ìdárayá jẹ́jẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà, náà dára fún ẹni tó bá rí olùkọ́. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì bá ń kọ́ wọn, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ a máa ṣe àṣìṣe kan níbí: bí òbí bá ti ṣubú, “ẹ jókòó, ẹ má dìde, a ó bá yín gbé e.” Ìfẹ́ ni, àmọ́ iṣan tí a kò lò a máa yọ́ ni, ẹ̀rù ìṣubú náà á sì di ohun tó ń fa ìṣubú.

Bí ọ̀pá bá pọndandan, ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n wọ bàtà, kí apá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni wọ́n á fi mú un. Rọ́bà ìdí rẹ̀ tó bá ti dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Oògùn, òòyì àti ojú

Ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú àpò kan, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn rà àti àgbo, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apòògùn. Ẹ béèrè pé: èwo ló ń mú oorun kunni nínú ìwọ̀nyí, èwo ló ń fa òòyì, èwo ni a lè dín kù? Oògùn oorun, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìsoríkọ́ àti àwọn oògùn kátá kan wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n fi ojú sí. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí dúró fúnra yín o. Ní ti oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹ béèrè bóyá ó ṣe é lò láàárọ̀, kí wọ́n má baà máa dìde lóru.

Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní ìdùbúlẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá dìde dúró. Bí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ tó 20 láàárín ìṣẹ́jú 3, ohun tó ń gbé wọn ṣubú ti hàn. Bí ó ti wù kó rí, kí dídìde lórí ibùsùn ní ìlànà: kí wọ́n jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ojú: àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Awò tí wọ́n fi ń kàwé lápá ìsàlẹ̀ a máa mú kí àtẹ̀gùn ṣe bàìbàì. Ẹ béèrè fún awò ọ̀tọ̀ tí wọ́n á máa fi rìn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ilé

Lóru, ẹ pa iná, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà láti ibùsùn àgbà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ lù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi iná kékeré tó ń tàn mọ́jú sójú ọ̀nà náà, ẹ kó wáyà kúrò, kí rọ́ọ̀gì kúrò pátápátá. Ní bálùwẹ̀, irin tí a fi ń sá aṣọ ìnura kò lè gbé ènìyàn. Irin ìdìmú tí a kàn mọ́ ògiri gidi ni kí ẹ lò, kí ohun tí kì í yọ̀ wà nílẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ìdìmú ní ọ̀tún àti òsì, àti ọ̀dà tó yàtọ̀ ní etí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kó má ga ju èjìká lọ.

Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Ara àgbà ti há ilé rẹ̀ sórí; àga tí ẹ sún láìsọ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ ẹsẹ̀ lù.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí wọ́n bá ṣubú

Ẹ má fà wọ́n dìde. Ẹ lè yẹ èjìká wọn, ẹ sì lè ba ẹ̀yìn tiyín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mí, kí ẹ bi wọ́n ibi tó ń dùn. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ tó sì yí síta, bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn gan-an, bí wọ́n bá dákú, bí ẹnu bá wọ́, ẹ bò wọ́n láṣọ, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tó sì fi orí gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Bí ara bá gbà wọ́n láti dìde: kí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara sókè títí wọ́n á fi wà lórí ọwọ́ àti orúnkún bí ọmọ tó ń rá. Kí wọ́n rá dé ìdí àga tó dúró gbọn-in. Ọwọ́ méjèèjì lórí àga, ẹsẹ̀ tó lágbára jù síwájú, kí wọ́n tì, kí wọ́n sì yí ìdí sórí rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ gbé àga wá, kí ẹ dì í mú. Ẹ kọ́ wọn lọ́jọ́ tí ara dá. Fún ẹni tó ń dá gbé, fóònù gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe lórí tábìlì, nítorí wíwà nílẹ̀ ju wákàtí kan lọ ti di àìsàn ọ̀tọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn náà lóòótọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, bàtà wo ló wà lẹ́sẹ̀, kí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni, ṣé wọ́n kọ ẹsẹ̀ ni tàbí òòyì ló kọ́ wọn. Ìwé náà ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà.

Ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ pé àwọn ṣubú, torí wọ́n mọ̀ pé a ó ní kí wọ́n má jáde mọ́. Èmi kì í béèrè lọ́wọ́ màmá mi mọ́ pé “ṣé ẹ ṣubú?” Bí mo bá ń nu àárín ìka ẹsẹ̀ wọn, mo máa ń ní, “Kí ni ẹsẹ̀ yìí kọ lù lọ́sẹ̀ yìí?” Ìgbà náà ni wọ́n máa ń sọ ọ́.